Wọ́n fún ọmọ mi ní Soil Science dípò Pharmacy: ṣé kó gbà á?

Ìyá Tèmi (Kubwa)

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Àbújá àti káàkiri Òkè Ọya. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àkọ́bí mi ọkùnrin ṣe JAMB lọ́dún yìí, Pharmacy ló kọ. Máàkì rẹ̀ ò burú, kò kàn tó ohun tí wọ́n ń wá ni. Lánàá ló ṣí CAPS, ojúlé JAMB tí wọ́n ti ń rí àyè yunifásítì tí wọ́n fún wọn, ó bá Soil Science, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, níbẹ̀. Látìgbà náà kò tíì jẹun kánú.

Bàbá rẹ̀ ní kó gbà á, pé ọdún tó bá fi jókòó sílé kò ní padà wá mọ́. Àbúrò ọkọ mi ní tiẹ̀ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé torí kí ọmọ lè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́lẹ̀ la ṣe ń san owó yunifásítì, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Gbagyi tó wà lẹ́yìnkùlé wa mọ̀ ọ́n ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, aṣọ ni mò ń tà. Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an? Ibo ni wọ́n ti ń ríṣẹ́? Ẹni tó bá ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ fún mi, mi ò fẹ́ ìtùnú.

Ọmọ Samaru

Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Yunifásítì ABU ní Zaria ni mo ti ṣe é, ìdí iṣẹ́ láàbù ilẹ̀ ni mo sì ti ń jẹun báyìí. Ẹ fi àbúrò ọkọ yín sílẹ̀ kó máa rẹ́rìn-ín. Ó tọ̀nà níbì kan: tá a bá dé oko, àgbẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ bi léèrè. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ á sọ fún yín pé apá ibí ò so dáadáa mọ́. Ìdí tí kò fi so ni wọ́n ń rán wa lọ kọ́.

Ọdún márùn-ún ni. Ọdún kìíní, Kẹ́mísírì, Físíìsì, Báyọ́lọ́jì àti Mátì ni, bíi ti gbogbo ọmọ sáyẹ́ǹsì. Ọdún kejì àti ìkẹta, wọ́n á pò ó mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lóríṣiríṣi: ohun ọ̀gbìn, ẹran ọ̀sìn, ètò ọrọ̀ ajé oko. Ọdún kẹrin, oko ni ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ẹ ó fi gbogbo ọdún ṣe é ní tòótọ́. Ìkarùn-ún ni wọ́n á wá bọ́ sínú ilẹ̀ pátápátá: èròjà inú rẹ̀, bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tó ń gbé ibẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń di ọlọ́ràá tàbí aṣálẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pín in sí ìran-ìran, àti bí a ṣe lè dá ọ̀gbàrá dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá tí mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó mítà méjì, àfi tẹ́ ẹ bá kan àpáta tàbí omi kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, téèpù, ike omi àti ìwé àwọ̀ Munsell. Ẹ ó fi ọ̀bẹ họ ara ògiri ihò náà látòkè délẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti rí i pé ilẹ̀ ò rí bákan náà. Òkè á dúdú díẹ̀ nítorí ewé àti gbòǹgbò tó ti jẹrà. Ìsàlẹ̀ á pupa, amọ̀ rẹ̀ á pọ̀ sí i. Nígbà míì yangí á wà nísàlẹ̀ pátápátá tí ọkọ́ á máa ta lórí ẹ̀. Ẹ ó bu erùpẹ̀ díẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ ó wọ́n omi sí i, ẹ ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwọ̀ kéékèèké inú ìwé yẹn títí ẹ ó fi rí èyí tó bá a mu, ẹ ó wá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, bíi 5YR 4/6. Lẹ́yìn náà ẹ ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́ kó fẹ̀, kó máa gùn jáde. Tó bá gùn kó tó já, amọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ra rárá, iyanrìn ni. A ní ẹnìkan ní kíláàsì wa tó ń sunkún ní ọdún kìíní pé Medicine lòun fẹ́. Nígbà tó fi máa di ọdún karùn-ún, òun la máa ń bẹ̀ pé kó jáde nínú ihò kí àwa náà lè wọlé.

Samaru, ibi tí ABU wà ní Zaria, kì í sì í ṣe ibi kékeré nínú iṣẹ́ yìí. IAR, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, ti wà láti 1922, ABU fúnra rẹ̀ kò dé títí di 1962. Oko ìdánwò kan wà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1950: apá kan ń gba ìgbẹ́ màlúù, apá kan náítírójìn nìkan, apá kan gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, lọ́dọọdún. Ohun tí wọ́n rí ni pé ibi tó ń gba ajílẹ̀ náítírójìn nìkan ń di kíkan, àsíìdì rẹ̀ ń ga, agbára rẹ̀ sì ń dínkù. Ibi tí ìgbẹ́ màlúù bá ajílẹ̀ pàdé ló ṣì dúró dáadáa. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ wúlò fún gbogbo àgbẹ̀ Òkè Ọya, torí ilẹ̀ apá ibí ò ní ewé jíjẹrà nínú tó ti gúúsù, kì í sì í pẹ́ tí agbára rẹ̀ fi ń tán.

Olóòótọ́ Nyanya

Ìyá wa ní òótọ́ lẹ́ ẹ fẹ́, ẹ gbọ́ tèmi náà. Soil Science ni mo kà, mi ò ní dárúkọ ilé ìwé. Ẹ̀rọ tó ń ka èròjà inú ilẹ̀ wà ní láàbù wa, wọ́n fi aṣọ bò ó bí òkú. Ojú pátákó la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, mo gbé fáìlì káàkiri Sẹkitéríàtì títí bàtà mi fi lu. Ibi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé àwọn ń wá onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn tó ka ohun ọ̀gbìn ti kún ibẹ̀, wọ́n á máa bi ọ́ pé ìwọ onílẹ̀ ń kọ́? Agric ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé aládàáni kan báyìí, owó oṣù mi kì í rí ìparí oṣù.

Mi ò sọ pé ẹ̀kọ́ náà burú. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí ọmọ yín ò bá fẹ́ ẹ, tó kàn fẹ́ máa jẹ́ ọmọ yunifásítì, kó tún JAMB ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Máàpù (Gwarinpa)

Àbúrò mi ní Nyanya, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí, mi ò sì ní pè é nírọ́. Láàbù tó ti kú wà káàkiri. Ṣùgbọ́n ohun tó ya èmi sọ́tọ̀ láàárín àwọn tá a jọ jáde kò ju pé mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí mò ń sìnrú ìlú. QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, dátà àti sùúrù ló ń jẹ.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí owó ti ń wá. Máàpù ilẹ̀ tó kárí gbogbo Nàìjíríà, èyí tí ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ilẹ̀ oko gbé jáde ní 1990, ìwọ̀n 1:650,000 ni. Sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé, kìlómítà mẹ́fà ààbọ̀ lórí ilẹ̀. Kubwa yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sábẹ́ èékánná àtàǹpàkò. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn pinnu ibi tó máa gbin ìrẹsì sí. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe oko ńlá tàbí ìbomirin gbọ́dọ̀ gba ẹni tó máa tún ilẹ̀ ibẹ̀ yẹ̀ wò: ihò, erùpẹ̀ lọ sí láàbù, máàpù, ìwé ìròyìn. Ohun tí mo fi kọ́ ilé mi nìyẹn.

Tí wọ́n bá fo ìgbésẹ̀ yìí, wàhálà ni. Ẹ wo àwọn apá kan ní Kadawa ní Kánò. Omi ìbomirin ń wọlé, kò rọ́nà jáde tó. Omi abẹ́ ilẹ̀ ń gòkè, oòrùn ń fà á lọ, iyọ̀ inú rẹ̀ ń kù sórí ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn ò sì rí ara gbà á. Ta ló máa sọ ibi tí kòtò ìfomijáde máa gbà, àti iye gypsum, èròjà tí wọ́n ń dà sírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó lè tún ibẹ̀ ṣe? Ọmọ Soil Science ni.

Torí pé Pharmacy lọmọ yín fẹ́, ẹ sọ èyí fún un. Ní 2010, àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé kan ní Zamfara. Òjé ló ń pa wọ́n. Àwọn tó ń wa góòlù ń fọ́ òkúta, wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú ọgbà ilé, eruku òjé sì ń dà sílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń rá. Ọmọ tó lé ní 400 ló bá a lọ. Oògùn wà tó ń fa òjé jáde lára, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gba oògùn tó tún padà sórí ilẹ̀ yẹn, òfo ni. Wọ́n ní láti họ òkè ilẹ̀ náà kúrò, kí wọ́n kó erùpẹ̀ tó mọ́ wá rọ́pò rẹ̀, abúlé kan lẹ́yìn òmíràn, títí kan Bagega ní 2013. Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀ kí oògùn tó ríbi dúró sí.

Ní ti àwọn tó ń gbani síṣẹ́: ilé iṣẹ́ ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Area 11, àjọ Great Green Wall tó ń bá aṣálẹ̀ jà, ACReSAL, ètò ìtọ́jú ilẹ̀ tí owó Báńkì Àgbáyé ń gbé, èyí tó kárí ìpínlẹ̀ 19 Òkè Ọya pẹ̀lú Àbújá. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, ní ibùdó ní Kubwa níbẹ̀, Màmá, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. IFDC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, náà ní ọ́fíìsì ní ìlú yìí. Mi ò ní tàn yín: iṣẹ́ àdéhùn ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Tí owó ètò bá tán, ẹ ó tún wá òmíràn. Ẹni tó ń fẹ́ pẹ́ńsọ̀n nìkan, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Bísí Lugbe

Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe àwọn wọ̀nyí náà la máa ń pè wá ṣe soil test ká tó kọ́lé? Ọkọ mi san owó gidi fún un lọ́dún tó kọjá. Tó bá jẹ́ pé àwọn ni, ọmọ yín ti dolówó nìyẹn o.

Ẹnjiníà K.

Rárá o, Àǹtí Bísí. Àwa onímọ̀ ẹ̀rọ ilé ló ń ṣe ìyẹn. Àwa ń wo ẹrù tí ilẹ̀ lè gbé, àwọn ń wo ohun tí ilẹ̀ lè bọ́. Tí ọmọ Soil Science bá bu ọwọ́ lùwé ìpìlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta yín, ẹ kó ẹrù yín jáde.

Bísí Lugbe

😂😂 Mo gbọ́ sà.

Alájílẹ̀ Gwagwalada

Èmi ò ka Soil Science o, ajílẹ̀ àti irúgbìn ni mò ń tà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí ni mo máa ń wá láti gbà síṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀.

Àgbẹ̀ á wọlé, á ní kí n fún òun ní fifteen-fifteen. Ẹ béèrè ohun tó fẹ́ gbìn, kò ní dá yín lóhùn. Bàbá rẹ̀ lò ó, òun náà á lò ó. Ohun tó wà lára àpò NPK 15-15-15 (náítírójìn, phosphorus àti potassium) ni pé nínú kílò 50, náítírójìn kò ju kílò méje ààbọ̀ lọ. Àpò yúríà kan, ajílẹ̀ tó jẹ́ ti náítírójìn nìkan, ní kílò 23. Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fúnni fún àgbàdo apá ibí ni kílò 120 náítírójìn lórí hẹ́kítà kan, pẹ̀lú 60 àti 60 ti àwọn èròjà méjì yòókù. Àpò NPK mẹ́jọ á fún ẹ ní 60-60-60. Ó wá ku náítírójìn 60, ìyẹn á gbà tó àpò yúríà méjì ààbọ̀ àti díẹ̀ lé. Ìṣirò ìwé mẹ́fà ni, àmọ́ ẹ wá wo iye èèyàn tó ń da àpò NPK kún àpò NPK títí owó á fi tán. Bẹ́ẹ̀ oko rẹ̀ lè má nílò ìdajì ẹ̀ rárá, kò sẹ́ni tó yẹ ilẹ̀ wò.

Ọmọ kan tó wà lọ́dọ̀ mi, Soil Science ló kà. Ọkùnrin kan wá láti Kwali, ó ní ewé àgbàdo òun ń pọ́n bí àlùbọ́sà, òun sì ti da yúríà sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ yìí kò tíì dé oko tó fi ní àìtó phosphorus ló ń pa á, kì í ṣe ti náítírójìn. Ó wá lọ bu erùpẹ̀. Ẹ wo bó ṣe bù ú: ó ń rìn wọ́gọwọ̀gọ káàkiri oko, ó ń bu díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé sẹ̀ǹtímítà 15, kò bù ú lábẹ́ igi, kò bù ú níbi tí màlúù ń sùn sí. Báágẹ̀tì oníke ló pò wọ́n pọ̀ sí, torí ìpẹtà irin lè da èsì rú. Ó sá a lábẹ́ òjìji, ó gbé e lọ sí láàbù. Ohun tó sọ náà ni èsì sọ. Ọkùnrin yẹn ti mú àgbẹ̀ mẹ́ta míì wá látìgbà náà, àwọn yẹn ló ń sanwó àyẹ̀wò, kì í ṣe èmi.

Ní 2006, àwọn olórí Áfíríkà péjọ sí Àbújá níbí, wọ́n ní ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń lò á kúrò ní kílò 8 lórí hẹ́kítà, á di 50 kó tó di 2015. Ọjọ́ ti kọjá, a ò débẹ̀. Gbogbo èèyàn ń sọ iye àpò, ẹni tó ń sọ irú ilẹ̀ ò pọ̀. Àyè iṣẹ́ nìyẹn.

Adé ní Jámánì

Ẹ kú ìjókòó o. Mo kàn fẹ́ fi ti òkè òkun kún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ka ilẹ̀ ní Nàìjíríà ló ń rí sìkọ́láṣíìpù gbà fún másításì, torí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ti sọ ilẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń wádìí: kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ilẹ̀ ju èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ lọ. DAAD wà fún Jámánì, Commonwealth wà fún ìlú ọba, àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà sì máa ń sanwó fún ẹni tó bá ń ran ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ nínú ìwádìí. Nígbà tí mò ń kọ̀wé sí wọn, wọn ò bi mí léèrè orúkọ ilé ìwé mi tó bí wọ́n ṣe bi mí pé irú ẹ̀rọ wo ni mo ti fọwọ́ ara mi lò, àti pé ṣé mo lè fi kọ̀ǹpútà tú èsì palẹ̀.

Ẹni tó bá ń rò pé ẹ̀kọ́ yìí ò ní òkìkí, kó lọ ka ìtàn Rattan Lal. Ọmọ Íńdíà ni, IITA ní Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́ láti 1970 títí di 1987, ó ń wo bí ọ̀gbàrá ṣe ń jẹ ilẹ̀ wa àti bí èèyàn ṣe lè dáko láìtú ilẹ̀. Wọ́n fún un ní World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ní 2020.

Ìyá Tèmi (Kubwa)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Olóòótọ́, ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún ọ. Ọ̀rọ̀ rẹ ló jẹ́ kí n gba ti àwọn yòókù gbọ́, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń pọ́n ọn. Ọmọ náà wà lẹ́yìn mi níbí, ó ti ka gbogbo ẹ̀. Ti òjé Zamfara yẹn ló kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n béèrè: ṣé Mátì pọ̀ nínú ẹ̀? Àti pé ṣé òun lè sún sí Pharmacy ní ọdún kejì?

Ọmọ Samaru

Àbúrò, Mátì ọdún kìíní wà, kò sẹ́ni tó lè bá ọ yọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣirò inú Kẹ́mísírì àti statistics ló máa ń dé. Ẹni tó bá lè ṣe ohun tí Alájílẹ̀ ṣe lórí àpò yúríà yẹn lè ṣe é. Kẹ́mísírì gan-an ni kó o múra sí.

Ní ti sísún, àwọn kan máa ń rí i ṣe tí èsì ọdún kìíní wọn bá ga gan-an, ṣùgbọ́n àyè Pharmacy kì í pọ̀, gbogbo ẹni tó wọlé bíi tìẹ ló sì ń wo ibẹ̀. Má fi ìyẹn nìkan wọlé.

Màmá, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó tẹ accept lórí CAPS, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ dáadáa. Níbòmíràn, dìgírì iṣẹ́ àgbẹ̀ lápapọ̀ ni wọ́n ń fúnni, ọdún karùn-ún lọmọ á tó yan ilẹ̀. Níbòmíràn, Soil Science ni láti ọjọ́ kìíní. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, torí ti àkọ́kọ́ ṣì fi àyè sílẹ̀ fún un. Tẹ́ ẹ bá lè dé ẹ̀ka náà, ẹ má bi ọ̀gá ẹ̀ka léèrè pé ṣé iṣẹ́ wà. Ẹ wá àwọn ọmọ ọdún karùn-ún, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ẹ̀rọ wo ni wọ́n ti fọwọ́ kàn, ibo ni wọ́n sì ti lo ọdún oko wọn. Tó bá parí, kó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NISS, àjọ ìjọba tó ń fún onímọ̀ ilẹ̀ ní ìwé àṣẹ; Àbújá níbí náà ni wọ́n wà.

Olóòótọ́ Nyanya

Mo gbà pẹ̀lú ti ẹ̀rọ yẹn. Tí wọ́n bá fi aṣọ bò ó, ẹ padà sílé. Ẹ̀gbọ́n Máàpù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣì lè kọ́ QGIS yẹn pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù kékeré?

Ẹ̀gbọ́n Máàpù (Gwarinpa)

O lè kọ́ ọ. Gbé e wá bá mi ní Sátidé, kó o mú dátà dání.

Rúkà Minna

Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti ọ̀rọ̀ yìí pa. Àbúrò mi ń parí ND lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣé òun náà lè wọlé?

Ọmọ Samaru

Ó lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì tí èsì ND rẹ̀ bá dára. FUT Minna tiyín níbẹ̀ ní ẹ̀ka Soil Science àti ìtọ́jú ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ débẹ̀. Ṣùgbọ́n ND ò pa WAEC rẹ́ o: wọ́n ṣì máa wo krẹ́díìtì márùn-ún rẹ̀, Kẹ́mísírì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ póli ni Kẹ́mísírì yẹn ti dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ yẹ èsì rẹ̀ wò lálẹ́ yìí kẹ́ ẹ tó náwó sí fọ́ọ̀mù.